Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́: Àìná, Orúkọ Tí Agbẹ̀bí Ń Jẹ́rìí Sí

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo kí yín o. Ní oṣù tó kọjá ni mo bí ọmọbìnrin. Bí orí rẹ̀ ti ń yọ ni nọ́ọ̀sì sọ pé ìwọ́ ti yí i lọ́rùn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tú u kí ọmọ tó jáde tán. Láti ìgbà tí ìyá ọkọ mi ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, Àìná ni wọ́n ń pe ọmọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti sọ ọ́ lórúkọ mìíràn ní ọjọ́ kẹjọ. Ọkọ mi kò fẹ́ kí a kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rí ìbí. Ó ní orúkọ àwọn arúgbó ni, àti pé orúkọ ìdílé ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni “ọmọ tí a kì í nà.” Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an, níbo ni ó ti wá, ṣé àwọn ènìyàn ṣì ń sọ ọmọ wọn bẹ́ẹ̀? Èmi ni, Ìyá Ìkókó, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu ọmọ, Ìyá Ìkókó. Ọlọ́run yóò wò ó, yóò dá a sí fún yín.

Ìyá ọkọ yín kò ṣi orúkọ pè. Àìná ni Yorùbá ń pe ọmọbìnrin tí ó bá gbé ìwọ́ kọ́rùn wá sáyé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pe ọmọkùnrin tí ó bá wá lọ́nà kan náà ní Òjó. Àlùfáà Samuel Johnson kọ méjèèjì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ó sì kà wọ́n mọ́ àwọn orúkọ àmútọ̀runwá, pẹ̀lú Ìgè tí ó fi ẹsẹ̀ wáyé, Àjàyí tí ó dojú bolẹ̀, àti Dàda tí irun rẹ̀ ta kókó. Òótọ́ ni pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àmútọ̀runwá yàtọ̀: ọmọ fúnra rẹ̀ ni a ń wò, kí a tó rántí ilé. Ìdí nìyẹn tí ìyá ọkọ yín kò fi dúró de ọjọ́ ìkómọ kí wọ́n tó máa pe ọmọ ọmọ wọn ní orúkọ rẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ohun tí ọ̀rẹ́ yín sọ, nítorí pé mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, àìfi àmì sórí ọ̀rọ̀ ló sì bí i. “Nà” tí a fi ń na ọmọ, ohùn ìsàlẹ̀ ni. Bí a bá fi “àì” síwájú rẹ̀, “àìnà” ni yóò jẹ́, dò-dò-dò, gbogbo rẹ̀ yóò wà nísàlẹ̀. Orúkọ ọmọ yín gòkè ní ìparí: Àìná, dò-dò-mí. Ẹ pe méjèèjì sókè kí ẹ fi etí ara yín gbọ́ ọ. Òjó, Ìgè àti Àìná kì í ṣe gbólóhùn tí a lè tú sí wẹ́wẹ́ bí a ti ń tú Ayọ̀délé tàbí Olúwaṣeun. Ohun tí ojú rí nígbà tí ọmọ ń bọ̀ ni wọ́n ń sọ, ibẹ̀ sì ni ìtumọ̀ wọn wà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín ní ìtumọ̀ Àìná, ẹ kàn sọ fún un pé ọmọbìnrin tí ìwọ́ yí lọ́rùn ni. Kò dárúkọ òrìṣà kankan, bí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn bá wà lára ohun tí ó ń kọ ọkọ yín lóminú.

Ní ti bóyá wọ́n ṣì ń sọ ọ́, ọkọ yín ní ẹjọ́ rò níbẹ̀. Orúkọ náà ti ṣọ̀wọ́n lára àwọn ọmọbìnrin kéékèèké. Bí ẹ bá gbọ́ Àìná ní kíláàsì lónìí, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ orúkọ bàbá ọmọ náà, bí ó ti rí fún Ola Aina tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì àti ìjọba àwọn òyìnbó ní kí olúkúlùkù ní orúkọ ìdílé, orúkọ tí bàbá tàbí bàbá àgbà ń jẹ́ fúnra rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé mú. Báyìí ni orúkọ tí ó yẹ kí ó tọ́ka sí ọmọ kan ṣoṣo, nítorí bí ó ṣe wáyé, ṣe di ti gbogbo ìran.

Síbẹ̀, èmi gbà pé ohun mìíràn ló dín in kù jù. Kì í ṣe pé ìwọ́ kò yí ọmọ lọ́rùn mọ́. Nínú 100 ọmọ tí oyún wọn gbó, nǹkan bí 20 sí 30 ni ìwọ́ máa ń wà lọ́rùn wọn nígbà ìbí, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni kò sì ní ewu kankan. Bí orí bá ti yọ, agbẹ̀bí yóò fi ìka wá ọrùn ọmọ kiri. Bí ó bá kan ìwọ́, yóò rọra fi ìka kọ́ ọ, yóò gbé e gba orí ọmọ kọjá kí èjìká tó jáde. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni. Ìyá tí ó ń rọbí lè má mọ̀ rárá, bàbá wà lóde, nọ́ọ̀sì sì ní obìnrin mẹ́ta mìíràn tí ń ké ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó gé ìwọ́, ó kọ ìwọ̀n ọmọ sínú ìwé, orúkọ sì bá ibẹ̀ lọ.

Kò rí bẹ́ẹ̀ ní agbo ilé tí mo dàgbà sí. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tí ń gbẹ̀bí, tí ó jẹ́ pé kí wọ́n tó bu omi ìwẹ̀ ọmọ ni a ó ti máa gbọ́ ohùn wọn láti inú yàrá: “Àìná dé o! Ẹ wá kí Àìná!” Àwa ọmọdé tí a wà lójúde mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wa. Ẹlẹ́rìí ni orúkọ yìí ń fẹ́, nọ́ọ̀sì tí ó la ẹnu fún yín sì ti ṣe iṣẹ́ ìyá àgbà náà. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn sí lẹ́tà yín.

Ẹ sọ ìtàn kan fún ọkọ yín. Ní nǹkan bí ọdún 1843, wọ́n bí ọmọbìnrin kan ní Òkè-Ọ̀dàn, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò tí a ń pè ní Yewa báyìí, nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn tí ẹ̀yin náà ń gbé. Àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì kó o lẹ́rú ní nǹkan bí 1848. Ní 1850, Gezo, ọba Dàhọ̀mì, fi í ta Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́rẹ. Ọ̀gá náà sì fi orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ ọkọ̀ rẹ̀ pè é: Sarah Forbes Bonetta. Ọbabìnrin Victoria gbọ́ bùkátà ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní 1862, ó fẹ́ James Davies, oníṣòwò, ní ìlú Brighton, wọ́n jọ gbé ní Èkó, ó sì kú ní erékùṣù Madeira ní 1880. Àìná ni a mọ̀ sí orúkọ àárọ̀ rẹ̀. Forbes, Bonetta, Davies, gbogbo wọn ń sọ ọwọ́ tí ó bọ́ sí. Àìná nìkan ni ó sọ bí ó ṣe kúrò lára ìyá tí ó bí i.

Bí ẹ bá wá orúkọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má jẹ́ kí ó rú yín lójú. Ẹ ó rí Aina ti àwọn ará Finland, tí ó túmọ̀ sí “ìgbà gbogbo” ní èdè wọn, àti ti erékùṣù Mallorca, tí ó jẹ́ Anna ní ẹnu tiwọn. Wọn kò bá tiwa tan.

Ẹ jẹ́ kí orúkọ tí ẹ sọ ọmọ ní ọjọ́ kẹjọ síwájú, kí Àìná tẹ̀ lé e nínú ìwé ẹ̀rí ìbí, kí ẹ sì fi àmì sí i. Orúkọ àbísọ, oríkì àti àmútọ̀runwá kì í bá ara wọn jà lára ọmọ kan.

ÌBÉÈRÈ: Ọkùnrin ni mí, Àìná sì ni àwọn òbí mi sọ mí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní orúkọ obìnrin ni. Ṣé àṣìṣe ni? Èmi ni, Àìná, Ìjẹ̀bú-Igbó.

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe àṣìṣe. Òfin Òjó fún ọkùnrin àti Àìná fún obìnrin kò múlẹ̀ bákan náà ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ibì kan wà tí takọtabo ń jẹ́ Àìná. Aina Onabolu tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882, tí ó jẹ́ aṣáájú àwọn ayàwòrán òde òní ní Nàìjíríà, tí ó sì jà kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà ní ilé ẹ̀kọ́, ọkùnrin ni. Irú àwọn bàbá bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó jẹ́ kí Àìná lè di orúkọ ìdílé. Bí ẹ bá délé, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá yín tàbí ẹni tí ó wà nítòsí ní ọjọ́ ìbí yín bóyá ìwọ́ wà lọ́rùn yín. Bí ó bá wà, ẹ̀yin gan-an ni ẹ ni orúkọ náà.