Kí ẹ tó fi kún mẹ́tìénì, ẹ yẹ ìléru wò bóyá ó ń jò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè iye ìṣẹ́jú tó yẹ kí gáàsì mẹ́tìénì, tó ń pèsè kábọ́ọ̀nù, fi máa ṣàn lórí fọ́ìlì bàbà nínú ìléru kí gíráfíìnì, ìpele kábọ́ọ̀nù tí kò nípọn ju átọ́ọ̀mù kan lọ, tó bò ó tán, nítorí pé lẹ́yìn 30 ìṣẹ́jú, ihò ṣì wà lára tiyín. Irú ihò bẹ́ẹ̀ gba oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ mi.

Èmi náà rò pé mẹ́tìénì ni kò tó. Mo fi kún un, ihò kò dí. Mo sọ àkókò di ìlọ́po méjì, ihò kò kúrò. Ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀rọ ní ilé ìwádìí wa tẹnu mọ́ ọn pé ìléru kò ní àbùkù, pé èmi ni n kò fọ fọ́ìlì mọ́, ẹni tó ń ta gáàsì fún wa sì ń fi ìwé hàn mí pé háídrójìn òun, gáàsì tí a fi ń yan fọ́ìlì, kò ní ẹ̀gbin kankan. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó dúró ti ìléru náà fún wákàtí kan péré, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú páìpù ìléru, níbi tí fọ́ìlì máa ń wà, jáde, mo ti gbogbo ẹnu rẹ̀ pa, mo sì fi í sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òǹkà ìfúnpá ti gòkè: òrùka rọ́bà tó dí ẹnu páìpù ti sán nítorí ooru. Afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀, ọ́síjìn inú rẹ̀ sì ń jẹ gíráfíìnì mi, pàápàá nígbà tí mo bá ti pa mẹ́tìénì tí ìléru ń tutù, tí kò sí kábọ́ọ̀nù tuntun tí yóò dí ojú ibi tó jẹ. Ẹ ṣọ́ra gidigidi, nítorí háídrójìn tó pàdé afẹ́fẹ́ nínú ìléru gbígbóná lè bú gbàmù.

Ẹ má tẹ̀ lé àwọn tí yóò ní kí ẹ lọ lo níkẹ́lì dípò bàbà. Níkẹ́lì máa ń fa kábọ́ọ̀nù mu nígbà tó bá gbóná, yóò sì pọ̀ ọ́ jáde nígbà tó bá ń tutù, ìpele gíráfíìnì kan níhìn-ín, mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́hùn-ún. Bàbà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fa kábọ́ọ̀nù mu rárá; ojú rẹ̀ ló ń fọ́ mẹ́tìénì, bí gíráfíìnì bá sì ti bo ojú náà, iṣẹ́ parí. Ohun tí àwọn tó ṣe é ní Yunifásítì Texas ní Austin fi hàn ní 2009 nìyẹn, ìpele kan ṣoṣo ló sì bo èyí tó ju 95 lọ nínú 100. Àmọ́ bàbà ń yọ́ ní 1085°C, nítorí náà bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ní 1035°C, ẹ rí i dájú pé òǹkà ìléru yín kò parọ́.

Fífọ fọ́ìlì àti yíyan án nínú háídrójìn kò ṣòro, ẹ ti mọ ìyẹn. Láti rí ihò, ẹ gbé fọ́ìlì tó ti tutù sórí àwo gbígbóná ní nǹkan bí 200°C fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́: ibi tí gíráfíìnì kò bò yóò pọ́n, ibi tó bò yóò máa dán.

Ní ti iye ìṣẹ́jú tí ẹ béèrè, lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ rọ́bà náà, 20 tí mo fi bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní ló bo bàbà mi tán.