Ẹja ọmọ mi ń mí hẹlẹhẹlẹ: ṣé kí n da oògùn sómi?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, Dókítà. Ó di oṣù méjì tí mo ti ra ẹja pupa mẹ́ta fún ọmọ mi. Inú àpótí gíláàsì tó gba lítà 40 ni wọ́n wà, nílé wa ní Tokpota, ní Àjàṣẹ́ níbí. Lọ́jọ́ Sátidé, mo rí i pé omi náà ti ń dọ̀tí. Mo da gbogbo rẹ̀ nù, mo fọ òkúta àti fóòmù inú asẹ́ rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ títí wọ́n fi mọ́ tónítóní, mo sì fi omi ẹ̀rọ kún un. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gòkè, wọ́n ń yanu. Ọ̀kan ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó tà wọ́n fún mi ní kí n tú kapúsù tẹtirasáíkílìn sínú omi. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má tú kapúsù kankan síbẹ̀.

Bó ṣe yá tó ni mo fi mọ̀. Àìsàn sábà máa ń mú ẹja kan ná, kó rẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, kó tó ran òmíràn. Ẹja mẹ́ta tára wọn le láàárọ̀, tí gbogbo wọn wá gòkè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ omi, omi ló ń bá wọn jà.

Kulórìnì wà nínú omi ẹ̀rọ, òun ló ń pa kòkòrò àrùn ibẹ̀. Ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀ kò ṣe àwa tí à ń mu ún ní nǹkan. Ẹja kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ra ẹja tútù lọ́jà Ouando, ẹ ṣí ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò: ẹ ó rí nǹkan pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí eyín òòyà. Ibẹ̀ ló fi ń mí, kò sì sí ìṣẹ́jú kan tí omi kì í gba ibẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ gan-an ni kulórìnì máa ń jó. Ooru ìlú wa tún wá dá kún un: omi tó tutù dé ìwọ̀n 20 lè gba ọ́síjìn bíi mílígíráàmù 9 nínú lítà kan, ṣùgbọ́n tó bá ti gbóná dé 30, kò ju bíi 7 àbọ̀ lọ.

Lálẹ́ òní, ẹ se omi ẹ̀rọ fún bí ìṣẹ́jú 20, kí ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Kulórìnì yóò ti lọ, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú omi náà ti bá a lọ. Nítorí náà, ẹ máa dà á láti òkè, láti inú bókítì kan sí òmíràn, bí ẹni ń tu tíì, kí ẹ tó fi í rọ́pò ìdajì omi inú àpótí, díẹ̀díẹ̀. Láti ọ̀la lọ, ẹ kò nílò iná mọ́: ẹ pọn omi sínú báfù ẹlẹ́nu gbòòrò, ẹ má dé e, kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 24. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ yóò sunkún. Ẹ jẹ́ kó sunkún, ebi ọjọ́ mẹ́ta kì í pa ẹja pupa.

Fóòmù yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ohun tó ń yọ̀ lára rẹ̀, tí ẹ fọ̀ dànù, kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò lè rí ló ń gbé ibẹ̀. Ẹja máa ń tú amóníà sómi nígbà tó bá ń mí, májèlé sì ni. Kòkòrò wọ̀nyí ló ń sọ ọ́ di nítíráìtì, èyí tó ṣì le, àwọn mìíràn sì ń sọ nítíráìtì di nítíréètì, tí ẹja lè fara dà. Kulórìnì ti pa ọ̀pọ̀ wọn. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pé padà, tẹtirasáíkílìn sì lè pa ìwọ̀nba tó kù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má tú u.

Nítorí náà, bí àwọn méjì tó kù bá tilẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ dáadáa lọ́la, ẹ má tíì dúpẹ́. Lọ́sẹ̀ yìí, omi náà lè mọ́ gaara kí amóníà kún inú rẹ̀. Ẹ máa pààrọ̀ ìdá mẹ́rin rẹ̀ lọ́jọ́ kejì-kejì pẹ̀lú omi tó ti sùn. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, tí nǹkan pupa inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wá ń dà bí omi obì, nítíráìtì nìyẹn. Iyọ̀ gíráàmù 1 sí lítà 1 máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́: gíráàmù 40 ni tiyín, kí ẹ pò ó sínú omi kó yọ́ kí ẹ tó dà á sí i.

Tó bá tún di ọjọ́ ìfọ̀, inú omi àtijọ́ tí ẹ bù jáde ni kí ẹ ti fún fóòmù náà, kì í ṣe abẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ má sì ra ẹlẹ́kẹta padà. Lítà 40 kéré sí ẹja pupa, èyí tó lè gùn ju ogún sẹ̀ǹtímítà lọ, tó sì lè lo ju ọdún mẹ́wàá lọ láyé.

Bí ẹ bá rí àmì funfun wínníwínní bí iyọ̀ lára wọn, tí wọ́n ń fi ara họ òkúta, ìyẹn ni àìsàn, a ó sì sọ̀rọ̀ oògùn. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ṣì ń yanu lọ́tunla, ẹ fi ìgò pọn omi wọn wá fún mi. Ẹ fi ẹja sílé.