Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wáyà eyín mi le, eyín àti àgbọ̀n ń dùn mí: kí ni mo lè ṣe sí i?

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Wáyà ń ti eyín kúrò láyè rẹ̀ ni, ìdí rẹ̀ ló ń wú díẹ̀. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò lọ́dọ̀ dókítà, ọjọ́ kejì ló ń le jù, á sì rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ 3 sí 7.

Parasítámọ́ọ̀lù ni kí ẹ kọ́kọ́ lò: àgbàlagbà lè lo oníwọ̀n 500 mg méjì, kó dúró fún wákàtí 6 kó tó tún lò ó, kó má kọjá mẹ́jọ lójúmọ́. Ibuprofen náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ aláboyún, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí ásímà gbọ́dọ̀ bi dókítà ná.

Oúnjẹ ni wàhálà gan-an. Ẹ̀kọ mímu, mọ́ínmọ́ín, àmàlà àti ewédú lẹ máa bá yí. Èmi fi eyín kan ìrèké lọ́jọ́ kẹta. Ojú mi rí nǹkan! Omi tútù máa ń mú kó rọjú. Bí irin bá ń ha ẹ̀rẹ̀kẹ́ nínú, ẹ nu irin náà gbẹ, ẹ ká ìda tí dókítà fún yín bíi hóró ẹ̀wà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Bó bá jẹ́ rọ́bà kékeré tí wọ́n ń fi kọ́ wáyà òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀ ló ń fa àgbọ̀n, ẹ má máa bọ́ ọ wọ̀ ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìrora á máa bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ṣùgbọ́n bí ẹnu ò bá ṣe é là dáadáa, tàbí ìrora kọjá ọ̀sẹ̀ kan, ẹ pe dókítà eyín yín.