AA ni àbí AS? Ohun tí àyẹ̀wò DNA lè sọ nípa jẹ́nótáìpù yín, àti ohun tí kò lè sọ

Ìbéèrè: Nígbà tí mo wọ yunifásítì, AA ni láàbù kan kọ sínú ìwé jẹ́nótáìpù mi. Ní báyìí tí èmi àti àfẹ́sọ́nà mi ń múra ìgbéyàwó, ṣọ́ọ̀ṣì ní ká lọ tún un ṣe, AS ló jáde fún mi. AS ni àfẹ́sọ́nà mi náà. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní kí n lọ ṣe DNA, pé ìyẹn kì í parọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n máa ń ṣe nínú àyẹ̀wò DNA gan-an? Ṣé òun ló máa yanjú ọ̀rọ̀ yìí, kí ni mo sì gbọ́dọ̀ béèrè kí n tó sanwó?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sanwó DNA. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀jẹ̀ tuntun àti ẹ̀rọ tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ ti tó láti yanjú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ohun tí mo lè sọ láìwo ẹ̀jẹ̀ yín ni pé ọ̀kan nínú ìwé méjèèjì kò tọ̀nà. Kò sí oúnjẹ, oògùn tàbí ọjọ́ orí tó ń sọ AA di AS. Àfi ẹni tí wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun fún nìkan ni jẹ́nótáìpù ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè yí padà.

Àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù tí gbogbo èèyàn mọ̀ kì í wo jíìnì rárá. Hẹmoglóbìn ló ń wò, purotéènì tó ń gbé ọ́síjìn kiri, tó sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ́n. Wọ́n á fọ sẹ́ẹ̀lì pupa, wọ́n á fọ́ ọ kí hẹmoglóbìn lè jáde, wọ́n á wá tọ́ díẹ̀ sórí bébà cellulose acetate tí wọ́n ti rẹ sínú bọ́fà (omi oníyọ̀ tí kì í jẹ́ kí pH yí padà) tí pH rẹ̀ jẹ́ 8.4 sí 8.6, wọ́n á sì tan iná sí i. Hẹmoglóbìn A ló máa ń sáré lọ síwájú jù. S á wà lẹ́yìn rẹ̀, C, irú hẹmoglóbìn mìíràn tí èèyàn lè jogún, á sì gbẹ́yìn, nítòsí ibi tí wọ́n tọ́ ọ sí. Ẹni tó bá jẹ́ AS á ní ìlà méjì, ti AA á jẹ́ ẹyọ kan. Electrophoresis ni wọ́n ń pè é. Kò wọ́n, ó sì dára, tí ẹni tó ń ṣe é bá mọṣẹ́.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ kò ju mélòó kan lọ. Àkọ́kọ́ ni orúkọ: ìgò ẹ̀jẹ̀ ẹni méjì á pààrọ̀, pàápàá lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì ni ẹ̀jẹ̀ àfiwé. Láàbù tó mọ ohun tó ń ṣe máa ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí wọ́n ti mọ̀ dájú pé AS ni, àti ti ẹni tó ní C, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti yín lórí bébà kan náà. Bí kò bá sí ìyẹn, ojú lásán ni wọ́n fi ń sọ pé ìlà yìí ga tàbí kò ga. Bọ́fà tí wọ́n ti lò lálòtúnlò, ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jù lórí bébà, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń mú kí ìlà A àti S wọnú ara wọn. Bákan náà, àwọn AS kan wà tí ìlà S wọn kò hàn dáadáa, torí pé wọ́n tún jogún alpha thalassaemia, àbùkù jíìnì tó ń dín hẹmoglóbìn tí ara ń ṣe kù, tó pọ̀ gan-an ní Náíjíríà. Ojú tó ń kánjú lè fo irú ìlà bẹ́ẹ̀, kó sì kọ AA.

Èyí tó kù ni ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí èèyàn lára. Sẹ́ẹ̀lì pupa máa ń lò tó 120 ọjọ́. Bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára láàárín oṣù mẹ́rin ṣáájú àyẹ̀wò, hẹmoglóbìn ẹni tó fún yín lẹ́jẹ̀ wà lórí bébà yẹn pẹ̀lú tiyín. Ẹ rántí dáadáa bóyá irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ṣáájú èyíkéyìí nínú àyẹ̀wò méjèèjì.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó ní HPLC, ẹ̀rọ tó ń ya oríṣiríṣi hẹmoglóbìn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òun kì í fi ìlà sílẹ̀ fún ojú èèyàn láti tú. Iye ló ń kọ: A ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún, S mélòó, A2 (èyí tó máa ń kéré lára àgbà) mélòó, F (hẹmoglóbìn ọmọ inú oyún àti ọmọ ọwọ́) mélòó. Nínú AS, A ló máa ń pọ̀ ju S lọ, S sì sábà máa ń wà ní 35 sí 40%. Bó bá wá ṣẹlẹ̀ pé S ló pọ̀ ju A lọ, tí ẹ kò sì gba ẹ̀jẹ̀, AS kọ́ nìyẹn mọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ S pẹ̀lú beta thalassaemia, àìsàn ni ìyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ rí dókítà ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n bí HPLC bá gbé A bíi 60% àti S bíi 38% jáde, tí ẹ kò sì gba ẹ̀jẹ̀, AS ni yín, ọ̀rọ̀ parí. Owó DNA yẹn, ẹ fi ra nǹkan míì.

Ẹni tó nílò DNA ni ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára tí kò lè dúró, ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí hẹmoglóbìn F ṣì kún ara rẹ̀, ẹni tí iye inú HPLC rẹ̀ kò bára mu, àti oyún inú. Bí ẹ bá wà lára wọn, tàbí tí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe nìyí.

Jíìnì tó ń pàṣẹ apá hẹmoglóbìn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni HBB, orí krómósómù kọkànlá ló wà. Ẹ̀dà méjì ni kálukú ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ DNA: A, T, G àti C. (Ẹ má jẹ́ kó dà yín rú o, A àti C ti DNA kì í ṣe A àti C ti jẹ́nótáìpù. Orúkọ ló kàn jọra.) Níbi tí ìyàtọ̀ wà, ẹ̀dà tó ń ṣe hẹmoglóbìn A kà báyìí: CCT GAG GAG. Ti S kà báyìí: CCT GTG GAG. A kan ṣoṣo ló di T. Ìyẹn ló mú kí valine gba ipò kẹfà lọ́wọ́ glutamic acid nínú purotéènì náà. Valine kì í fẹ́ omi, torí náà bí ọ́síjìn bá ti dín kù, hẹmoglóbìn á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ara wọn, sẹ́ẹ̀lì á sì tẹ̀ bíi dòjé. Gbogbo ìrora àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde ti ibẹ̀ wá.

Láàbù á gba ẹ̀jẹ̀ bíi mílílítà 2 sí 5 sínú ìgò onídèérí elésè-àlùkò, èyí tó ní EDTA, èròjà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n fẹ́ lo onídèérí àwọ̀ ewé tó ní heparin, ẹ béèrè ìdí, torí heparin máa ń dí iṣẹ́ PCR lọ́wọ́. Àwọn kan á fi òwú gbo inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín dípò ẹ̀jẹ̀. Ẹ má jẹun, ẹ má mu nǹkan kan yàtọ̀ sí omi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, kí òwú náà sì gbẹ kí wọ́n tó dé e. Ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ láìpẹ́, ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló dára fún un.

Sẹ́ẹ̀lì pupa kò ní DNA nínú. Sẹ́ẹ̀lì funfun tó wà láàárín wọn ni wọ́n ń wá. Wọ́n á da èròjà tó ń tú sẹ́ẹ̀lì sí i pẹ̀lú ẹ́ńsáìmù proteinase K, wọ́n á gbé e sí ooru 56°C kí purotéènì lè jẹrà, wọ́n á wá fi ethanol mú kí DNA lẹ̀ mọ́ sílíkà, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi bọ́fà díẹ̀ yọ ọ́. Bí pupa ẹ̀jẹ̀ tàbí ethanol bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀, ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní ṣiṣẹ́.

Ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni PCR, ọ̀nà láti sọ DNA tín-ín-rín di púpọ̀. Àpilẹ̀kọ tó kọ́kọ́ fi PCR han aráyé ní 1985, àyẹ̀wò sickle cell gan-an ni wọ́n fi ṣe. Nínú ọpọ́n kékeré tó gba microlitre 25 péré, wọ́n á kó DNA yín, práímà méjì (ègé DNA kúkúrú) tó mọ ibi tí HBB wà, àwọn lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, magnésíọ̀mù, àti Taq, ẹ́ńsáìmù tó ti ara bakitéríà inú omi gbígbóná Yellowstone ní Amẹ́ríkà wá, tí ooru kì í pa. Ẹ̀rọ á gbé e dé 95°C kí okùn DNA méjèèjì lè pínyà, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí bíi 55 sí 60°C kí práímà lè jókòó, á tún gbé e sí 72°C kí Taq lè kọ ẹ̀dà tuntun. Ìgbà kọ̀ọ̀kan, iye ẹ̀dà á di ìlọ́po méjì. Tó bá fi máa ṣe é nígbà 30, ẹ̀dà kan ti lè di bílíọ̀nù kan. Agbára rẹ̀ nìyẹn, òun náà sì ni ewu rẹ̀, torí ẹ̀kán kékeré láti inú iṣẹ́ àná lè kó sínú tòní kó sì gbé èsì ẹlòmíì jáde. Ìdí nìyí tí láàbù fi gbọ́dọ̀ ṣe ọpọ́n kan tó jẹ́ omi lásán. Bí nǹkan kan bá jáde nínú omi yẹn, kí wọ́n da gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà nù.

Lẹ́yìn PCR ni wọ́n tó máa mọ irú ẹ̀dà tó jẹ́, ibí yìí sì ni mo fẹ́ kí ẹ ti lajú sílẹ̀. Ọ̀nà tó ti wà tipẹ́ jù ni kí wọ́n fi ẹ́ńsáìmù tó ń gé DNA sí i, DdeI tàbí MstII, ní 37°C. MstII kì í gé DNA àyàfi tó bá rí CCTNAGG, N sì lè jẹ́ lẹ́tà èyíkéyìí. Ẹ̀dà A ní CCTGAGG, nítorí náà á gé e. Ẹ̀dà S ní CCTGTGG, kò ní gé e. Ká fi ẹ̀dà tó gùn tó lẹ́tà 400 ṣe àpẹẹrẹ, kí ibi gígé sì wà ní 150: AA á jẹ́ ìlà méjì lórí jẹ́ẹ̀lì, 250 àti 150, SS á jẹ́ ẹyọ kan, 400, AS á ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó rọrùn láti kà, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tó ń ṣe hẹmoglóbìn C ní CCTAAGG. Ẹ wò ó dáadáa: MstII á gé òun náà, DdeI náà á gé e. Ìyẹn ni pé ẹni tó jẹ́ AC á jáde bí AA, ẹni tó jẹ́ SC, tó jẹ́ aláìsàn, á jáde bí AS. Hẹmoglóbìn C sì pọ̀ láàárín àwa Yorùbá ju bó ṣe pọ̀ ní ìlà-oòrùn Náíjíríà lọ, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbójúfò. Ẹ̀gbọ́n yín ní DNA kì í parọ́. Òótọ́ ni, àmọ́ ohun tí wọ́n bá bi í nìkan ló ń dáhùn. Ewu kejì: bí ẹ́ńsáìmù tó ń gé bá ti rẹ̀, bóyá torí iná tó lọ tí fìríìsà 20°C ìsàlẹ̀ òdo fi yọ́, kò ní gé tán, ìyókù 400 á hàn, AA á sì dà bí AS. Kí wọ́n fi DNA ẹni tó dájú pé AA ni sínú iṣẹ́ kan náà, kí wọ́n rí i pé tirẹ̀ gé pátápátá.

Ọ̀nà kejì, ARMS, máa ń lo práímà ọ̀tọ̀ fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Bí DNA bá ti bàjẹ́, ọ̀kan lè kọ̀ láti jáde, AS á di AA lórí ìwé. Sequencing ló dára jù nínú gbogbo rẹ̀, òun ló ń ka lẹ́tà náà ní tààràtà, A, S àti C á sì hàn níbẹ̀, àmọ́ ó wọ́n jù.

Bí ẹ bá wá pinnu láti ṣe é, ẹ má wọlé kí ẹ kàn sọ pé "DNA ni mo fẹ́ ṣe" o. Ti "ọmọ ta ni?" ni ọ̀pọ̀ ibùdó tó ń gba DNA ní ìlú máa ṣe fún yín. Ìyẹn ń wo àwọn ibòmíì lórí DNA, kò ní sọ nǹkan kan nípa HBB. Ẹ sọ pé àyẹ̀wò jíìnì HBB fún S àti C ni ẹ ń fẹ́, ẹ béèrè ọ̀nà tí wọ́n máa lò, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú èsì, torí èsì tó kàn kọ "AS" láìsí orúkọ ọ̀nà kò wúlò fún dókítà tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Bó bá wá jẹ́ pé AS ni ẹ̀yin méjèèjì, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún láti jẹ́ SS. Kò túmọ̀ sí pé tí ẹ bá bí ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ SS. Oyún kọ̀ọ̀kan tún ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tirẹ̀ ni. Níbẹ̀ ni DNA ti wúlò jù lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ 11 sí 14, dókítà lè mú díẹ̀ lára ohun tó máa di olóbì ọmọ, tàbí kó fa omi inú ilé ọmọ láti ọ̀sẹ̀ 15, kí wọ́n ṣe PCR fún un. Oyún lè bàjẹ́ nítorí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í wọ́pọ̀. Ohun tó lè ṣi èsì lọ́nà níbẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ìyá tó dàpọ̀ mọ́ ti ọmọ: ìyá jẹ́ AS, ọmọ tó jẹ́ SS á wá jáde bí AS. Torí náà láàbù tó dára á gba ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ìyá pẹ̀lú, á sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá DNA ìyá wà nínú ti ọmọ kó tó fọwọ́ sí ìwé. Àwọn tí kò fẹ́ dé orí ìpinnu nípa oyún lè lọ sí IVF (kí wọ́n so ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ ní láàbù), níbi tí wọ́n ti máa ń mú sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ lára ọlẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún, kí wọ́n tó gbé èyí tí kì í ṣe SS sínú ìyá. Owó rẹ̀ ga púpọ̀, kò sì dájú pé oyún máa dúró. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ mú ìwé HPLC ẹ̀yin méjèèjì lọ́wọ́ kí ẹ tó lọ, torí láàbù gbọ́dọ̀ mọ bóyá S nìkan ló ń wá, tàbí C àti thalassaemia wà níbẹ̀.