Pọ́ǹpù Epo Àtijọ́ Tó Ti Gbẹ Ṣì Lè Gbiná

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ra pọ́ǹpù epo àtijọ́ kan, irú èyí tí dígí gíga wà lórí rẹ̀, tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà. Ẹni tó tà á fún mi ní ó ti lé ní 30 ọdún tí epo ti kàn án gbẹ̀yìn. Àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti dì pinpin, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti jẹrà. Mo fẹ́ kí jórinjórin fi iná gáàsì tú nọ́ọ̀tì, kó sì jó irin tuntun mọ́ ìsàlẹ̀. Irú ọ̀dà wo ni kí n kùn ún? Ṣé kí n ra gílóòbù, ìyẹn dígí tó máa ń tàn lórí pọ́ǹpù, sí i kó lè pa owó wọlé?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ọ̀dà sílẹ̀ ná. Ẹ má jẹ́ kí jórinjórin kankan sún mọ́ pọ́ǹpù yẹn. Gbólóhùn kan náà ni mò ń rí nínú ọ̀pọ̀ ìbéèrè tí ẹ ń fi ránṣẹ́: "Epo ti gbẹ nínú rẹ̀ tipẹ́." Inú ń bí mi sí àwọn tó ń fi gbólóhùn yẹn tajà, torí ó lè gbẹ̀mí èèyàn.

Bẹntiróòlù olómi kọ́ ló ń bú gbàmù. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ara rẹ̀ jáde ni, nígbà tó bá pò mọ́ afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Kò sì nílò kó pọ̀. Tó bá ti tó nǹkan bí ìdá 1.4 nínú 100 afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀, títí dé nǹkan bí 7.6, ó ti ṣe tán láti gbiná. Tó bá pọ̀ ju ìyẹn lọ, kò ní gbiná. Ìdí nìyẹn tí àgbá epo tó ṣófo, tó ku ìwọ̀nba díẹ̀ nísàlẹ̀, fi léwu fún ẹni tó fẹ́ jó o ju èyí tó kún dẹ́nu lọ. Afẹ́fẹ́ epo yìí tún fi ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán, torí náà ìsàlẹ̀ ló máa ń wọ̀ sí. Ìsàlẹ̀ náà lẹ sì ní ẹ fẹ́ gbé iná sí.

Ẹ máa ní 30 ọdún ńkọ́? Ẹ wo bí pọ́ǹpù yín ṣe ń ṣiṣẹ́. Irú rẹ̀ ló gbòde ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn ọdún 1920. Ẹni tó ń ta epo á máa fa ọwọ́ irin, epo á ti inú táǹkì abẹ́ ilẹ̀ gòkè sínú dígí, oníbàárà á fojú ara rẹ̀ ka iye gálọ́ọ̀nù lára àmì inú dígí, epo á wá ṣàn wálẹ̀ gba inú rọ́bà lọ sínú mọ́tò. Èyí tó bá pọ̀ jù á gba páìpù mìíràn padà sí táǹkì. Ilé pọ́ǹpù, fáàfù, asẹ́, páìpù alọ àti páìpù àbọ̀, gbogbo wọn ló ní kọ̀rọ̀ tí epo lè sá pamọ́ sí, tí atẹ́gùn ò ráyè dé. Mo ti tú pọ́ǹpù tí ẹni tó ni ín búra pé ó gbẹ, tí epo sì dà jáde nídìí asẹ́.

Èyí tó gbẹ lóòótọ́ pàápàá kò lọ tán. Bẹntiróòlù tó pẹ́ máa ń fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀, ohun pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀ kan tó ń lẹ̀ bí oje igi. Ó lè má rùn rárá. Ṣùgbọ́n bí iná gáàsì bá kan irin tó wà lára rẹ̀, ooru náà á sọ gọ́ọ̀mù yẹn di afẹ́fẹ́ tó ń gbiná, nínú ihò tí kò ní ẹnu. Nítorí náà, ẹ má fi imú yín ṣe òṣùwọ̀n.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ọṣẹ ò dé inú fáàfù. Àwọn mìíràn á ní kẹ́ ẹ rọ omi kún inú rẹ̀. Ọgbọ́n wà nínú ìyẹn fún táǹkì lásán, ṣùgbọ́n inú pọ́ǹpù kún fún ìyàrá kéékèèké tí omi ò ní kún. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ ṣá ìṣáná sí i kí ìyókù lè jó tán, ẹ sá fún un.

Iṣẹ́ yìí ò nílò iná. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kó má sí sìgá tàbí ẹ̀rọ tó ń gé irin nítòsí, nítorí ìtapàrà rẹ̀ tó láti dá iná sílẹ̀. Ẹ fi epo tó ń wọ inú ìpẹtà sí àwọn nọ́ọ̀tì, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kẹ́ ẹ tún fi sí i. Ẹ mú sùúrù. Àwọn ọ̀pá irin tó di dígí mú, díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa tú wọn, kẹ́ ẹ máa yí láti ọ̀kan sí èkejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ dígí á là. Ẹ yọ gbogbo ohun tí epo ti gba inú rẹ̀ kọjá. Tó bá ku ara rẹ̀ nìkan, tí ẹ ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ẹ lè gbé apá tó jẹrà lọ fún ẹni tó mọ iṣẹ́ ohun èlò epo, tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ afẹ́fẹ́ tó ń gbiná wò. Jórinjórin tó ń jó géètì kọ́ ni mò ń wí. Tó bá sì jẹ́ irin tí wọ́n yọ́ dà ni, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jó á là á sí méjì. Mi ò fojú rí pọ́ǹpù yín, torí náà ẹni tó bá dúró tì í ló máa sọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Òjé tún wà níbẹ̀. Ní 1923 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í po òjé mọ́ bẹntiróòlù ní Amẹ́ríkà, ọ̀dà ayé ìgbà yẹn náà sì sábà máa ń ní in. Ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ họ ọ́. Ẹ rin ín lómi, ẹ lo ìbòmú tó ń sẹ́ eruku dáadáa, kì í ṣe aṣọ lásán, kẹ́ ẹ sì lé àwọn ọmọdé jìnnà.

Ọ̀dà wá kù. Kẹ́ ẹ tó họ ohunkóhun, ẹ wá àwo irin kékeré tí orúkọ àwọn tó ṣe é wà lára rẹ̀, bíi Wayne, Tokheim, Fry tàbí Bennett, kẹ́ ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Abẹ́ àwo yẹn lẹ ti lè rí àwọ̀ tó ní láti ilẹ̀. Tí ọ̀dà àkọ́kọ́ bá ṣì pọ̀ lára rẹ̀, ẹ má kùn ún rárá. Ọ̀pọ̀ àwa tá a ń kó wọn jọ máa ń san owó tó ju ti àkùnsọdọ̀tun lọ lé irú ẹ̀.

Ní ti gílóòbù, ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà. Ẹ lè ra tuntun tó bá wù yín, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ sọ fún ẹni tó ń rà á pé tuntun ni.