Owó tó wọlé yàtọ̀ sí iṣẹ́ tó ń lọ

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, mo gbọ́ lórí rédíò pé owó ìdókòwò tààrà láti òkè òkun ti dínkù. Síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ àwọn òyìnbó tí mo ń kọjá níwájú rẹ̀ ní Ìlúpéjú kò dín òṣìṣẹ́ kù. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Òǹkàwé yín, Yábàá.

Ìdáhùn: Ẹ gba méjèèjì gbọ́, nítorí ohun kan náà kọ́ ni wọ́n ń wọ̀n. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà IMF, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ owó, ìṣirò owó ìdókòwò tààrà ń ka owó tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín olùdókòwò òkèèrè àti ilé-iṣẹ́ tí olùdókòwò náà ní, ó kéré tán, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún agbára ìdìbò rẹ̀. Kì í ka ọjà tí wọ́n tà tàbí òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá yá owó ní báńkì kan ní Marina láti fi ra ẹ̀rọ tuntun, iṣẹ́ rẹ̀ yóò gbòòrò, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ owó yẹn kò ní wọ inú ìṣirò náà. Bí ó bá sì san gbèsè padà fún ilé-iṣẹ́ tó bí i lókèèrè, iye náà yóò lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ti ilẹ̀kùn.

Orúkọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ sí i pàápàá lè ṣini lọ́nà: owó tí wọ́n ní ó ti Netherlands tàbí Mauritius wá lè jẹ́ ti ará ibòmíràn tó kàn gba ibẹ̀ kọjá nítorí owó orí. Lójú tèmi, iye ọjà, owó oṣù àti iye òṣìṣẹ́, irú àkọsílẹ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń gbà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ wọn tó wà lókèèrè, ló yẹ kí ẹ béèrè.