Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwádìí fún bàbá yín

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o. Bí mo ṣe gbọ́ ìbéèrè yín, àwọn dókítà fẹ́ kí bàbá, tí àrùn iyèrírá (dementia, àìsàn tó ń mú kí èèyàn máa gbàgbé nǹkan) ń bá jà, wọ ìdánwò oògùn tuntun kan, ẹ̀yin àkọ́bí ni wọ́n sì gbé fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí fún. Mo ti gba irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ rí nítorí màmá mi. Èmi kì í ṣe dókítà, n kì í sì í ṣe lọ́yà, àmọ́ mo bá màmá rìn nínú ìdánwò náà títí mo fi yọ wọ́n kúrò níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè: ta ló ní bàbá ò lè dáhùn fúnra wọn? Orúkọ àìsàn nìkan ò gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mental Capacity Act ti ọdún 2005, òfin England àti Wales, ní ká gbà pé àgbàlagbà lè pinnu fúnra rẹ̀ títí ẹ̀rí á fi hàn pé kò lè ṣe é, ká sì yẹ ìpinnu kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀. Ẹni tí kò lè ṣírò owó mọ́ ṣì lè mọ̀ pé òun ò fẹ́ abẹ́rẹ́. Ọ̀sán ni wọ́n fi ìpàdé màmá mi sí, bẹ́ẹ̀ òwúrọ̀ ni ojú wọn máa ń dá jù. Mo ní kí wọ́n sún un sí òwúrọ̀, kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Màmá ní àwọn gbà láti lo oògùn, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi abẹ́rẹ́ fa omi láti ẹ̀yìn àwọn. Mo rí i pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó yá tí màmá ò lè ṣàlàyé ara wọn mọ́, tí àwọn olùwádìí wá ń bèèrè omi ẹ̀yìn náà, àkọsílẹ̀ yẹn ni mo fi dá wọn lóhùn. Ohun tí èèyàn bá kọ̀ nígbà tí orí rẹ̀ ṣì pé, kò sí aṣojú tó yẹ kó gbà á lórúkọ rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Tó bá wá di pé bàbá ò lè pinnu lóòótọ́, jíjẹ́ àkọ́bí kọ́ ló ń fúnni láṣẹ. Òfin ibi tí ẹ wà ló máa sọ ẹni tó lè dúró fún wọn. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìpínlẹ̀ ló ń pinnu. Ní England, tí ìwádìí náà ò bá jẹ́ ti oògùn, ìmọ̀ràn ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ẹni tó mọ aláìsàn dáadáa. Tó bá jẹ́ ìdánwò oògùn, aṣojú tí òfin mọ̀ ló ń fọwọ́ sí i. Èyí tó wù kó jẹ́, ohun tí bàbá ìbá fẹ́ ni kí ẹ wá, kì í ṣe ohun tí ẹ̀yin ń fẹ́ fún wọn. Ibẹ̀ ló nira jù fún mi nígbà tí màmá ò lè pinnu mọ́, tí fọ́ọ̀mù wá kàn mí. Ọkàn mi ti gbà kí n tó ka ojú ewé kejì, torí mo fẹ́ kí màmá mi padà mọ orúkọ mi. Ìyẹn kì í ṣe ìdí tó tó. Ohun tí mo fi fọwọ́ sí i ni pé màmá máa ń sọ, kí àìsàn tó dé, pé bí ohun tó ṣe àwọn bá lè dáàbò bo ọmọ ẹlòmíràn, kó rí bẹ́ẹ̀.

Ìwádìí kì í ṣe ìtọ́jú o. Ẹ jẹ́ kó yé gbogbo ẹbí. Ó lè jẹ́ ohun tó jọ oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú ni wọ́n máa fún bàbá, kọ̀ǹpútà ló sì sábà máa ń pín in. Dókítà tó ń rẹ́rìn-ín sí yín lè má mọ èyí tó jẹ́. Oògùn gidi náà sì ní ewu tirẹ̀. Àwọn oògùn bíi lecanemab, tí wọ́n fi ń tọ́jú Alzheimer (irú àrùn iyèrírá kan), lè mú kí ọpọlọ wú tàbí kí ẹ̀jẹ̀ sun nínú rẹ̀, pàápàá lára ẹni tó gba APOE4, ìyẹn jíìnì àjogúnbá tó ń mú kí ewu Alzheimer pọ̀ sí i, lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá rẹ̀ méjèèjì. Àyẹ̀wò jíìnì yẹn kan ẹ̀yin ọmọ pẹ̀lú, nítorí náà ẹ pinnu ṣáájú bóyá ẹ fẹ́ gbọ́ èsì rẹ̀.

Àwọn kan nínú ẹbí wa ní òfin wọ̀nyí ti pọ̀ jù. Mo sọ ìtàn Jewish Chronic Disease Hospital ní Brooklyn fún wọn. Ní 1963, wọ́n gún àwọn aláìsàn 22 níbẹ̀ ní abẹ́rẹ́ tó ní sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó wà láàyè, wọn ò sì sọ fún wọn pé jẹjẹrẹ ni. Ìkéde Helsinki, ìlànà ìwádìí lórí èèyàn tí World Medical Association (ẹgbẹ́ àwọn dókítà lágbàáyé) gbé jáde ní 1964, tí wọ́n sì ń tún ṣe láti ìgbà náà, wá ní ohun tó sọ nípa ẹni tí kò lè pinnu: bí ìwádìí kò bá ní ṣe òun fúnra rẹ̀ láǹfààní, wọn ò gbọdọ̀ fi í sí i àfi tó bá máa ran àwọn tó ní irú àìsàn rẹ̀ lọ́wọ́, tí a ò lè fi àwọn tó lè pinnu ṣe é, tí ewu àti ìnira rẹ̀ sì kéré gan-an.

Nǹkan kan wà tí ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ rẹ̀ fún mi. Ìdánwò báyìí sábà máa ń fẹ́ ẹnì kan tí yóò máa bá aláìsàn wá, tí yóò sì máa ròyìn rẹ̀: ṣé wọ́n ṣì ń wẹ̀ fúnra wọn, ṣé wọ́n ti ṣìnà rí. Bí ẹni tó ń jẹ́rìí bá tún ni ẹni tó fọwọ́ sí i, tó sì ń retí ìwòsàn, ẹnu rẹ̀ ò ní ṣàì máa sọ pé ara ti ń yá ju bó ṣe rí lọ. Àbúrò mi ló ń ròyìn, èmi ni mo ń fọwọ́ sí i. Mo dábàá kí ẹ̀yin náà pín in.

Lẹ́yìn ìfọwọ́sí ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọjọ́ kan màmá di férémù ilẹ̀kùn yàrá abẹ́rẹ́ mú, wọ́n ò jẹ́ wọlé. Nọ́ọ̀sì ní kí n má ṣèyọnu, wọ́n á gbàgbé láìpẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á gbàgbé, àmọ́ ẹ̀rù ń bà wọ́n nísinsìnyí. Òfin England tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ní, nínú ìwádìí tí kì í ṣe ìdánwò oògùn, wọn ò gbọdọ̀ ṣe ohun tí aláìsàn bá fi hàn pé òun ò fẹ́, ìbáà ṣe ara kíkọ̀ lásán, àyàfi ohun tí wọ́n fẹ́ fi dáàbò bò ó tàbí dín ìrora rẹ̀ kù. Ó tún ní ire rẹ̀ gbọdọ̀ borí ti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ti àwùjọ. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìkọ̀ ni ìkọ̀ pátápátá. Lọ́jọ́ yẹn, àga ni wọn ò fẹ́. A pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n jókòó. Nígbà tó yá, a pààrọ̀ àga, yàrá àti nọ́ọ̀sì, wọ́n ṣì ń fa ọwọ́ wọn. Mo yọ wọ́n. Àwọn olùwádìí ò bínú, ìtọ́jú màmá ní kílíníìkì ò sì yí padà.

Torí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ bèèrè ẹni tí yóò sanwó bí oògùn bá ṣe bàbá léṣe, àti bóyá wọ́n á ṣì máa rí oògùn náà gbà tí ìdánwò bá parí. Kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ fún yín. Ẹ gba nọ́ńbà ìgbìmọ̀ tó fún ìwádìí náà láṣẹ pẹ̀lú. Ó sábà máa ń wà lápá ìparí ìwé àlàyé. Mo pè wọ́n nígbà ọ̀rọ̀ omi ẹ̀yìn yẹn, wọ́n sì gbé e.